Bí a ṣe ń ti ọmọ tí a gbà tọ́ lẹ́yìn ní England: ìwé rẹ̀, ara rẹ̀ àti ọkàn rẹ̀

Nígbà tí káńsù bá gbé ọmọ wá sílé yín, ó lè jẹ́ lọ́sàn-án, ó sì lè jẹ́ láàárín òru. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè má ju báàgì kan lọ. Ìwé kíkà rẹ̀ lè má sí níbẹ̀, ẹ lè má mọ dókítà rẹ̀, ẹ lè má mọ̀ bóyá ó ní ìdánwò ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀yin ni yóò kó gbogbo rẹ̀ jọ. Àwọn Yorùbá tó jẹ́ alágbàtọ́ ní England, tàbí tí wọ́n ń ronú àtidi alágbàtọ́, ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún. Òfin Scotland, Wales àti Northern Ireland yàtọ̀, nítorí náà England nìkan ni mo ń bá wí.

Àwa Yorùbá mọ bí a ṣe ń dúró ti ọmọ nídìí ìwé, agbára ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò rí oorun sùn kò lè kàwé, èyí tí kò sì mọ ilé tí yóò wà lóṣù tó ń bọ̀ kò ní ráyè ìṣirò. Ìfọ̀kànbalẹ̀ àti ìwé, ọjọ́ kan náà la ó bẹ̀rẹ̀ wọn. Ẹni tó bá ní kí ọkàn ọmọ kọ́kọ́ sinmi ná kí ó tó ronú ìwé yóò rí i pé ọdún kan ti lọ.

Kọ́kọ́ mọ irú ìgbàtọ́ tí tiyín jẹ́

Oríṣi méjì ni àwọn ènìyàn wa máa ń dà pọ̀. Ọ̀kan ni ti káńsù: wọ́n yẹ̀ yín wò, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n gbé ọmọ wá, wọ́n sì ń san owó ìtọ́jú rẹ̀. Èkejì ni èyí tí òbí ọmọ bá yín ṣe fúnra rẹ̀, bí ìgbà tí ọ̀rẹ́ yín ní Ìbàdàn bá ní kí ọmọ òun wá gbé lọ́dọ̀ yín kó lè kàwé níhìn-ín. Bí ọmọ náà kò bá tí ì pé ọdún 16 (18 bí ó bá jẹ́ aláàbọ̀ ara), tí yóò sì bá yín gbé fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òfin ní kí ẹ fi tó káńsù létí, ó kéré tán ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú. Bí ó bá ti dé, ẹ sọ fún wọn lónìí. Àwọn tí òfin yìí kò kàn ni òbí àgbà ọmọ náà, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò òbí rẹ̀, pẹ̀lú ìyàwó bàbá tàbí ọkọ ìyá rẹ̀. Mọ̀lẹ́bí mìíràn, bí ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ àbúrò òbí àgbà rẹ̀, kò sí nínú wọn, bó ti wù kí wọ́n sún mọ́ra tó nílé.

Ìbẹ̀rù pé káńsù á gba ọmọ ló ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu mọ́. Ẹ rántí Victoria Climbié, ọmọ ọdún mẹ́jọ láti Ivory Coast, tí àwọn òbí rẹ̀ fà lé mọ̀lẹ́bí lọ́wọ́ nítorí pé wọ́n fẹ́ kó kàwé. Ó kú ní London ní oṣù Kejì ọdún 2000 lẹ́yìn ìlùkulù àti ìyà tí ẹnu kò lè ròyìn. Ikú rẹ̀ wà lára ohun tó bí òfin ọmọdé ti ọdún 2004. Torí irú rẹ̀ ni káńsù ṣe fẹ́ mọ ilé tí ọmọ ẹlòmíràn ń gbé.

Ti káńsù ni ìyókù ọ̀rọ̀ mi dá lé. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ máa bi social worker, ìyẹn òṣìṣẹ́ káńsù tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ọmọ náà, nìyí: ṣé òbí ló fọwọ́ sí i ni, àbí ilé ẹjọ́ ló pàṣẹ? Bó bá jẹ́ òbí ló fọwọ́ sí i, ọwọ́ òbí ni àṣẹ lórí ọmọ ṣì wà. Bó bá jẹ́ pé ilé ẹjọ́ ti fún káńsù ní care order, ìyẹn àṣẹ tó fi ọmọ sábẹ́ ìtọ́jú wọn, káńsù àti òbí ló jọ ni àṣẹ náà. Bó ti wù kó jẹ́, alágbàtọ́ kò ní in. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ gba ìwé tí wọ́n ń pè ní delegated authority, kí ó wà lọ́wọ́ yín kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó parí. Òun ni yóò sọ ẹni tó lè fọwọ́ sí ìrìn-àjò ilé ìwé, ẹni tó lè ní kí wọ́n gẹ irun ọmọ, ẹni tó lè gbà kó lọ sùn nílé ọ̀rẹ́, àti ẹni tó lè gbà kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. Láìsí i, àwọn ẹgbẹ́ ọmọ yín yóò wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi ìrìn-àjò, òun yóò sì jókòó sí ọ́fíìsì ilé ìwé nítorí pé ìbuwọ́lù kan kò sí. Ọmọ kì í gbàgbé irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: oúnjẹ, oorun, irun

Ẹ lè rí búrẹ́dì lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, tàbí egungun adìẹ nínú ìbọ̀sẹ̀. Olè kọ́ o. Ọmọ tí ebi ti pa gan-an rí kò gbà gbọ́ pé oúnjẹ yóò wà lọ́la. Ẹ gbé abọ́ kan sí yàrá ìdáná níbi tí ọwọ́ rẹ̀ á tó, ẹ kó ọ̀gẹ̀dẹ̀, ápù àti bisikíìtì sínú rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún un pé tirẹ̀ ni, kò ní béèrè kó tó mú un. Ẹ máa kún un pa dà láìsọ nǹkan kan. Díẹ̀díẹ̀ ni ohun tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí yóò fi dín kù.

Ẹ sọ fún un ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, ẹni tó ń sùn ní yàrá wo, aago tí ẹ ń jí, àti pé iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ lè wà ní títàn mọ́jú bí ó bá fẹ́. Ẹ kọ bí ọ̀la yóò ṣe rí sínú ìwé pélébé kan kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Ọmọ tí wọ́n ti gbé láti ilé dé ilé ń fẹ́ mọ ohun tó kàn ju ohunkóhun lọ.

Irun tó ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ má gẹ̀ ẹ́ láìgbàṣẹ, nítorí òbí lè ní ìdí pàtàkì lórí rẹ̀, tàbí ẹ̀sìn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọmọ aláwọ̀ dúdú tó ti wà nílé tí wọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú irun bẹ́ẹ̀, ẹ̀bùn ni ọwọ́ yín jẹ́ fún un. Àkókò tó bá jókòó sáàárín ẹsẹ̀ yín, tí ẹ ń la irun rẹ̀, tí ẹ ń fi òrí pa á, tí ojú yín kò sì kan ojú rẹ̀, ni ọ̀rọ̀ máa ń jáde. Ẹ má fi ìbéèrè lé e. Ẹ máa di irun yín lọ.

Ẹ̀sìn ọmọ, tirẹ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ Mùsùlùmí, ẹran haláà ni yóò jẹ, ẹ ó sì ràn án lọ́wọ́ nígbà ààwẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Kristẹni ìjọ mìíràn, ẹ kò lè ṣèrìbọmi fún un nínú tiyín. Kò sí ọ̀ràn pé wọ́n ń lé ẹ̀mí kankan jáde lára rẹ̀, kò sì sí ìsọ́ òru bí ilé ìwé bá wà lọ́jọ́ kejì. Ní ti ìbáwí, òfin ìgbàtọ́ kọ nínà pátápátá: kò sí pàṣán, kò sí ìgbátí. Ìkúnlẹ̀, ọwọ́ sókè, fífi oúnjẹ dù ú, ẹ kó gbogbo rẹ̀ sọnù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí, nínà ló gbé wọn kúrò nílé. Bí ó bá fọ́ abọ́ nínú ìbínú, ẹ jẹ́ kí inú rẹ̀ rọ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ jọ gbá a, kí ó bá yín ra òmíràn ní ọjọ́ Sátidé. Ẹ rẹ ohùn yín sílẹ̀ bí tirẹ̀ bá ń ga sókè.

Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 20, dókítà gbọ́dọ̀ yẹ ara rẹ̀ wò. Ẹ má dúró dè é kí ẹ tó mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín àti ibi tí wọ́n ti ń yẹ ojú wò. Ọmọ tí wọ́n ń pè ní ọ̀lẹ nínú kíláàsì lè jẹ́ ẹni tí kò rí pátákó.

Ẹ má jẹ́ kí ó kúrò nílé ìwé rẹ̀

Bí ẹ bá máa jà fún ohun kan ṣoṣo, èyí ni kí ẹ jà fún. Ọmọ náà ti pàdánù ilé, àdúgbò, bóyá àbúrò rẹ̀ pẹ̀lú. Ilé ìwé lè jẹ́ ibi kan ṣoṣo tó kù tí wọ́n ti mọ orúkọ rẹ̀. Bó bá jìnnà, ẹ béèrè owó ọkọ̀ tàbí takisí lọ́wọ́ káńsù, kí ẹ sì béèrè ní kíkọ. Bó bá wà ní Year 10 tàbí Year 11, ọdún ìdánwò GCSE, òfin kò fẹ́ kí wọ́n da ẹ̀kọ́ rẹ̀ rú rárá àyàfi ní pàjáwìrì, ọ̀gá tí káńsù yàn fún un sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó gbé e kúrò.

Bí kò bá wá sí ọ̀nà mìíràn ju kó yí ilé ìwé pa dà, àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ ìtọ́jú káńsù ló ń ṣáájú nínú ètò ìgbàwọlé ilé ìwé ìjọba, kódà níbi tí àwọn ènìyàn ti ń tò. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni sọ pé ó ti kún kí ẹ sì pa dà sílé. Bí wọ́n bá gbé e kúrò ní pàjáwìrì, káńsù yẹ kó ti rí ibi tí yóò ti máa kẹ́kọ̀ọ́ ní kíkún láàárín ọjọ́ ilé ìwé 20. Ẹ máa ka ọjọ́ náà sórí kàlẹ́ńdà yín, kí ẹ sì máa fi í ránṣẹ́ sí wọn.

PEP: ìpàdé tí ẹ kò gbọ́dọ̀ pa jẹ

PEP ni ìwé ètò ẹ̀kọ́ ọmọ náà. Ó yẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10 tó dé abẹ́ ìtọ́jú, kí wọ́n sì tún un wò ní gbogbo táàmù. Àwọn tó ń jókòó síbẹ̀ ni designated teacher, ìyẹn olùkọ́ tí òfin ní kí ilé ìwé yàn fún àwọn ọmọ wọ̀nyí, social worker, ẹ̀yin, ọmọ náà bí ó bá fẹ́, àti ẹnìkan láti Virtual School nígbà mìíràn. Virtual School kì í ṣe ibi tí ọmọ ń lọ kàwé. Ọ́fíìsì kan ni ní káńsù tó ń mójú tó ẹ̀kọ́ gbogbo ọmọ tó wà lábẹ́ ìtọ́jú wọn, láti ọdún 2014 ni òfin sì ti sọ ọ́ di dandan kí káńsù kọ̀ọ̀kan yan ọ̀gá fún un. Ẹ gba nọ́ńbà wọn kí ẹ tó nílò rẹ̀.

Owó wà níbẹ̀. Pupil Premium Plus ni wọ́n ń pè é, ó sì lé ní £2,500 lọ́dún fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Kì í wá sọ́wọ́ alágbàtọ́: ọ̀gá Virtual School ló ń pín in. Ìbéèrè tó yẹ kó jáde lẹ́nu yín ní gbogbo ìpàdé ni: kí ni owó táàmù yìí ṣe fún ọmọ yìí gan-an? Bí wọ́n bá ní ó wọ inú owó olùrànlọ́wọ́ kíláàsì, ẹ béèrè wákàtí mélòó tí olùrànlọ́wọ́ náà jókòó tì í. Ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè, kí ẹ sì dúró gba èsì. Àwa tí wọ́n fi "bẹ́ẹ̀ ni, ma" tọ́ ní ilé ìwé, ó máa ń ṣòro fún wa láti bi olùkọ́ léèrè ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ̀yin kò bá béèrè, ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má béèrè.

Ohun tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ pé ọmọ yóò ṣe ni gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́. Wọ́n lè kọ pé "Yóò túbọ̀ tẹra mọ́ ìwé kíkà." Ìyẹn kò wúlò, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ohun tí yóò ṣe lọ́la. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ báyìí: "Olùrànlọ́wọ́ yóò bá a kàwé fún ìṣẹ́jú 20 ní Mọ́ńdè, Ọjọ́rú àti Ọjọ́ Ẹtì, kí ilé ìwé tó wọlé, ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejì ni ó bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ rẹ̀ yóò tún ìwé kíkà rẹ̀ wò kí táàmù tó parí." Orúkọ ẹni tí yóò ṣe é, ọjọ́, àti bí a ó ṣe mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́: bí ọ̀kan bá kù, ẹ má tí ì fọwọ́ sí i.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ jókòó pẹ̀lú ọmọ náà. Kíláàsì wo ló fẹ́ràn? Ibo nínú ilé ìwé ni ẹ̀rù ti ń bà á? Kí ló fẹ́ kí ẹ sọ bí òun kò bá fẹ́ sọ ọ́? Kí ẹ sì rí i pé wọn kò fi ìpàdé náà sí àkókò eré ìdárayá tàbí iṣẹ́ ọnà tó fẹ́ràn jù, tí wọn yóò wá pè é jáde lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ béèrè bákan náà pé kí olùkọ́ sọ fún yín ṣáájú bí iṣẹ́ bá jẹ mọ́ ìtàn ìdílé, àwòrán ọmọdé, tàbí káàdì Ọjọ́ Ìyá, kí ẹ lè jọ wá ọ̀nà tí ojú ò fi ní ti ọmọ.

Bí ẹ bá fura pé ìṣòro rẹ̀ ju àìfọkànbalẹ̀ lọ, pé ọ̀rọ̀ kò tètè yé e tàbí pé lẹ́tà ń pòrúùrù lójú rẹ̀, alágbàtọ́ pẹ̀lú lè kọ̀wé sí káńsù pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún EHCP, ìyẹn ìwé ètò ìrànlọ́wọ́ tí òfin fọwọ́ sí fún ọmọ tó nílò àfikún ìrànlọ́wọ́ nínú ẹ̀kọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n ní láti fèsì bóyá wọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò, gbogbo ètò náà sì yẹ kó parí láàárín ọ̀sẹ̀ 20.

Nílé, láti Mọ́ńdè dé Ọjọ́ Ẹtì

Iṣẹ́ àṣetiléwá dára, ṣùgbọ́n ẹ wo kàlẹ́ńdà kí ẹ tó béèrè rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Ọjọ́rú ló ń lọ rí ìyá rẹ̀, kò ní lè kàwé lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì lè máà sùn. Ẹ ṣètò rẹ̀ pẹ̀lú ilé ìwé pé kí iṣẹ́ Ọjọ́rú di ti Ọjọ́bọ̀. Ẹ má sọ ọ̀rọ̀ burúkú nípa ìyá tàbí bàbá rẹ̀, kódà bí ọmọ náà bá ń sọ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ wọn ló wà lára rẹ̀.

Ẹ máa kàwé sókè fún un, bó tilẹ̀ ti pé ọdún 11. Ìṣẹ́jú 15 kó tó sùn tó. Àlọ́ náà ń ṣiṣẹ́: ìjàpá kò mọ ẹ̀yà, inú ọmọ Jamaica tàbí ọmọ Poland yóò dùn sí i.

Ẹ ó máa kọ ìròyìn ojoojúmọ́ fún káńsù. Ẹ kọ ohun tí ojú yín rí àti ohun tí etí yín gbọ́. "Ó ń ṣe oríkunkun" kò sọ nǹkan kan, yóò sì wà nínú fáìlì tí òun fúnra rẹ̀ lè béèrè pé kí òun kà nígbà tó bá dàgbà. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Ó dé láago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò jẹun. Ó ní wọ́n bi òun léèrè ìdí tí orúkọ òun fi yàtọ̀ sí tèmi. Ó sunkún ní yàrá títí di aago márùn-ún. A jọ wo tẹlifíṣọ̀n." Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ ó rí ohun tó ń tún ara rẹ̀ ṣe, ẹ ó sì ní ẹ̀rí nígbà tí ẹ bá ń béèrè ìrànlọ́wọ́.

Lọ́dọọdún, wọn yóò fún yín ní fọ́ọ̀mù SDQ bí ọmọ bá wà láàárín ọdún 4 sí 16. Ìbéèrè nípa ìbínú, ìbẹ̀rù, ọ̀rẹ́ àti ìfọkànsí ló wà nínú rẹ̀. Ẹ má fi ojú rere kún un kí wọ́n má baà rò pé ẹ kò tó alágbàtọ́ ṣe. Iye tó bá jáde nínú rẹ̀ wà lára ohun tí ẹ lè nà sí wọn nígbà tí ẹ bá ń béèrè CAMHS, ìyẹn ibi ìtọ́jú ìlera ọkàn àwọn ọmọdé, níbi tí ìdúró ti máa ń pẹ́. Bí ẹ bá ń dúró, ẹ bi Virtual School bóyá wọ́n ní onímọ̀ ọpọlọ ẹ̀kọ́ tó lè bá yín sọ̀rọ̀.

Bí ilé ìwé bá pè yín pé kí ẹ wá mú u

"Ẹ kàn wá mú u lọ sílé fún òní kó fara balẹ̀." Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n kò bófin mu láti lé ọmọ lọ sílé nítorí ìwà láìkọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdádúró. Ẹ béèrè pé: ṣé ẹ ń dá a dúró? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ fún mi ní ìwé rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọn yóò wá ọ̀nà mìíràn. Kí ẹ tó gbé ọkọ̀ jáde, ẹ pe Virtual School. Ìtọ́sọ́nà ìjọba ní kí ọ̀gá ilé ìwé sa gbogbo ipá rẹ̀ láti má lé ọmọ tó wà lábẹ́ ìtọ́jú káńsù dànù títí láé, kí ó sì bá Virtual School sọ̀rọ̀ ní kùtùkùtù.

Bí nǹkan kò bá yé yín, tàbí tí social worker ti yí pa dà lẹ́ẹ̀mejì tí kò sì sẹ́ni tó mọ ètò mọ́, IRO ni kí ẹ wá. Òun ni káńsù yàn láti máa wo bóyá wọ́n ń ṣe ohun tí wọ́n ṣèlérí, òun ló sì ń darí ìpàdé àyẹ̀wò: àkọ́kọ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 20, èkejì láàárín oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà.

Kí ó tó pé 18

Ìwé ìgbélùú ni mo fi ṣáájú, nítorí àwa la mọ bí ìyà àìnípépà ṣe rí. Ẹ béèrè ní tààrà: ṣé ọmọ yìí jẹ́ ọmọ ìlú Britain? Ṣé ó ní ìwé ìrìnnà? Kí àwọn ènìyàn má ṣe rò pé nítorí pé ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ọmọ Peckham, ó ti ní in. Láti ọdún 2022, ọmọ tó wà lábẹ́ ìtọ́jú káńsù kì í san owó fún ìforúkọsílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìlú, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ṣe é kó tó pé 18. Lẹ́yìn ọjọ́ ìbí yẹn, ọ̀nà àìsanwó yìí ti dí. Ẹ ní kí káńsù wá lọ́yà fún un, kí ẹ sì jẹ́ kí ó wọ inú ìwé ìpàdé.

Owó kékeré kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í mọ̀: ọmọ tó ti pé ọdún kan lábẹ́ ìtọ́jú, tí kò ní Child Trust Fund (àpò ìfowópamọ́ tí ìjọba ń ṣí fún ọmọdé nígbà kan rí), ìjọba máa ń fi £200 ṣí Junior ISA, ìyẹn àpò ìfowópamọ́ ọmọdé, fún un. Ẹ béèrè ibi tó wà kí ó lè rí i gbà ní 18.

Láti 16, pathway plan, ìyẹn ìwé ètò bí yóò ṣe dá dúró lẹ́yìn ìtọ́jú káńsù, ni yóò máa tọ́ka ọ̀nà, yóò sì ní personal adviser, ìyẹn olùdámọ̀ràn tirẹ̀, tó lè bá a rìn títí di ọdún 25. Bí ó bá wà ní kọ́lẹ́jì tàbí sixth form, owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń pè ní bursary, tó lè tó £1,200 lọ́dún, wà fún un. Bí ó bá fẹ́ lọ yunifásítì, kí ó fi àmì sí ibi tí fọ́ọ̀mù ìwọlé yunifásítì, UCAS, ti béèrè bóyá ó ti wà lábẹ́ ìtọ́jú rí. Àwọn ọmọ máa ń fo ibẹ̀ nítorí ìtìjú, ẹ sì lè ṣàlàyé fún un pé ibẹ̀ ni ìrànlọ́wọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Káńsù yóò fún un ní £2,000 fún yunifásítì. Kí ó bi yunifásítì kọ̀ọ̀kan bóyá yàrá rẹ̀ yóò ṣí sílẹ̀ nígbà Kérésìmesì àti nígbà ọlidé gígùn, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá lọ sílé.

Bí ẹ̀yin àti òun bá sì fẹ́ kó ṣì máa gbé lọ́dọ̀ yín, ètò Staying Put gbà á láyè títí di ọdún 21. Owó tí wọ́n ń san fún yín lè dín kù, òun náà lè ní láti dá díẹ̀, nítorí náà ẹ gba iye náà ní kíkọ. Ìgbà tó bá pé 17 ni kí ẹ ti gbé e síwájú ìpàdé, kí ètò rẹ̀ lè parí kí ọjọ́ ìbí rẹ̀ tó pé.